Irun Tí Òjò Pa

Ìyàwó mi kì í fi àtíkè sójú kúrò nílé lásìkò òjò. Ó máa ń di àtíkè, tìróò àti jígí kékeré kan sínú náílọ̀n, á lọ́ ẹnu rẹ̀ pọ̀, á tì í sínú àpò. Bí a bá dé abẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, á nu ojú rẹ̀ gbẹ, á sì na jígí náà sí mi. Èmi á di jígí mú lọ́wọ́ kan, agbòjò lọ́wọ́ kejì, nítorí afẹ́fẹ́ máa ń fẹ́ òjò wọ abẹ́ ibẹ̀. Bàbá àgbà kan nínú ìjọ kò lè kọjá kó má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

"Tíṣà, ṣé wọ́n ti sọ yín di tábìlì ni?"

Ìyàwó mi á dá a lóhùn láìgbé ojú kúrò lára jígí. "Bàbá, ẹ jẹ́ kó dúró jẹ́ẹ́. Bó bá mì pẹ́nrẹ́n, tìróò á gún mi lójú."

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ìyàwó mi kú. Ọwọ́ mi ká iṣẹ́ ilé títí òjò fi dé.

Ó ku èmi àti ọmọ wa obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́tàlá nígbà náà, nínú ilé tí a ń gbé ní Ùsì. Ìyá rẹ̀ ló ń tọ́jú irun rẹ̀ láti kékeré. Irun náà kún, ó dú, bí wọ́n bá tú u, ó ń kan èjìká. Fún àsìkò òjò, ìyá rẹ̀ ní àwọn òfin tirẹ̀. Òrí wà fún ẹsẹ̀ àti ìgbọ̀nwọ́, kì í ṣe fún ojú, nítorí ojú kì í gbẹ bọ̀rọ̀ nígbà òjò. Àdín ni wọ́n ń fi sáàárín ìka ẹsẹ̀ kí omi má baà jẹ ẹ́. Irun tí òjò bá sì pa, a kì í dì í lọ́jọ́ náà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi gbọ́ gbogbo èyí, bí ọkùnrin ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tí wọn kò bá a sọ.

Nílé ìwé ọmọ náà, wọ́n máa ń yan irun kan fún àwọn obìnrin lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Bó bá jẹ́ ṣùkú lọ́sẹ̀ yìí, ó lè jẹ́ ìpàkọ́ ẹlẹ́dẹ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹni tí irun rẹ̀ bá yàtọ̀ láàárọ̀ Mọ́ńdè yóò dúró níwájú gbogbo akẹ́kọ̀ọ́. Lọ́jọ́ Àìkú kan, òjò ká wa mọ́ ojú ọ̀nà bí a ti ń bọ̀ láti ìsìn. Ọmọ náà ti tú irun rẹ̀ láti ọjọ́ Sátidé, òjò sì rin ín gbingbin pẹ̀lú ìborùn tó fi bò ó. Ìwé ìdánwò tí mo fẹ́ máàkì ń dúró dè mí nílé. Mo mú un lọ tààrà sọ́dọ̀ onídìrí tó wà ní ìkóríta.

Obìnrin náà ti ọwọ́ bọ inú irun ọmọ náà. "Tíṣà, òjò pa ọmọ yìí."

"Kò tó nǹkan," ni mo wí.

"Ẹ rò ó dáadáa o. Uṣẹ́ tèmi ni kí n dì í, ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo máa gbé e sùn."

"Kò tó nǹkan. Ẹ bá wa dì í."

Ọmọ náà wò mí. Ó mọ̀.

Òjò ò dá ní gbogbo ọ̀sẹ̀ náà. Kí ṣùkú náà má baà bàjẹ́, mo fún un ní náílọ̀n dúdú pé kó máa fi bo orí lọ sílé ìwé. Mo rò pé mo gbọ́n. Ní Ọjọ́bọ̀, ó wọlé, kò fọwọ́ kan oúnjẹ, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀.

"Dádì, ẹ jẹ́ kí n gẹ irun mi."

"Kí ló dé?"

"Ó ń rùn. Ẹni tá a jọ ń jókòó ti gbé àga rẹ̀ kúrò. Ó ní ṣé omi ògì ni mò ń fi para."

Mo súnmọ́ ọn. Òótọ́ ni.

"A óò tú u, a óò fọ̀ ọ́," ni mo wí. "Gígẹ̀ kọ́."

"Ilé ìwé gbà kéèyàn gẹ̀ ẹ́."

"Mo ní gígẹ̀ kọ́."

Mi ò sọ ìdí rẹ̀ fún un. Aṣọ ìyàwó mi àti ìkòkò rẹ̀ ti lọ sọ́dọ̀ àwọn àbúrò rẹ̀ ní ìlú Ààyè, gẹ́gẹ́ bí àṣà. Àtíkè rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò mú, ọ̀rinrin ti mú kó dì gbagidi bí ẹfun. Lójú mi, irun yẹn nìkan ni iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tó ṣẹ́ kù tó ṣì ń dàgbà.

Nígbà tó di Sátidé, mo jókòó sórí àga ní ìdáná, òun náà jókòó sórí àpótí láàárín ẹsẹ̀ mi. Mo tú ṣùkú náà. Ìdí irun ti funfun bí ohun tó bu, awọ orí rẹ̀ sì ti bó níbi méjì. Mo fi ọṣẹ dúdú fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà tí mo ń yà á, irun ń já sí mi lọ́wọ́.

"Dádì, láti ṣóńṣó rẹ̀ ni wọ́n ti ń yà á, kì í ṣe láti ìdí."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ta ni ẹ rò?"

Oòrùn kò yọ. Ó ní bí oòrùn ò bá yọ, ààrò ni àwọn máa ń kẹ̀yìn sí kí irun lè gbẹ. "Ẹ máa ń wà ní pálọ̀ nígbà náà, ẹ̀ ń máàkì ìwé."

Mo dáná. A jókòó, a kẹ̀yìn sí iná, à ń wo òjò lẹ́nu ilẹ̀kùn.

"Ó máa ń rẹ Màmá. Wọ́n máa ń sọ pé bí kì í bá ṣe ti ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ràn irun yìí, àwọn ì bá ti gẹ̀ ẹ́ tipẹ́."

Mo gbìyànjú láti rántí ìgbà tí mo sọ pé mo fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo rántí. Ọmọ náà ò tíì máa rìn. Mo wò ó lẹ́yìn ìyá rẹ̀, mo ní irun ìyá mi ló gbé wá, ẹ má jẹ́ kí ó ṣòfò. Mo sọ ọ́, mo sì jáde lọ síbi iṣẹ́. Ìyàwó mi fi ọdún méjìlá gbé ọ̀rọ̀ yẹn sọ́wọ́.

"Ṣé o ṣì fẹ́ gẹ̀ ẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ó wúwo."

Ilé ìgẹrun kan wà lójú ọ̀nà Ìdó. Ọkùnrin tó ni ín gbé irun náà sókè, ó wò mí. "Tíṣà, gbogbo èyí? Ẹ ò ní wá bá mi jà lọ́la?"

"Ọmọ ló ni ín," ni mo wí.

Ọmọ náà di ojú títí ó fi parí. Ní ọ̀dọ̀ tiwa, a kì í fi irun sílẹ̀ kí ẹyẹ wá mú un. Mo tọrọ ìwé, mo ṣa irun náà sínú rẹ̀, mo sì sin ín sẹ́yìn ilé, nídìí igi ọsàn tí ìyá rẹ̀ máa ń da omi irun sí. Nígbà tí mo wọlé, ó ti gbé ìgò àdín ìyá rẹ̀, ó ń fi í pa ojú ibi tó bó. Kò pè mí pé kí n wá ràn án lọ́wọ́. Ó ti wọ yunifásítì báyìí, kò sì tíì dá irun náà sí.

Òjò tún rọ̀ lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé ọjọ́ tí a gẹ irun náà. Ọmọ náà sáré ṣíwájú mi, kò dúró de agbòjò. Kí n tó dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, ó ti fi áńkáṣíìfù nu orí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ti gbẹ, ó wé ìborùn rẹ̀, ó wọlé. Mo dúró síbi tí mo máa ń dúró sí. Bàbá àgbà yẹn ń bọ̀. Ó wo agbòjò tó wà lọ́wọ́ mi kan, ó wo ọwọ́ kejì tó ṣófo.

"Tíṣà," ó ní, "ẹ kú òjò."

Mo dá a lóhùn. Mo pa agbòjò náà dé, mo sì wọlé.