Ògbufọ̀ Tí Mi Ò Rí

Ẹ gbà mí o, ara mi ò tíì balẹ̀ látìgbà tí mo ti kúrò níbi iṣẹ́.

Nọ́ọ̀sì ni mí ní Houston níbí, ẹ mọ̀. Bàbá ará Ṣáínà kan wà ní wọ́ọ̀dù wa, ará Vietnam ni ìyàwó wọn. Èdè Vietnam ni wọ́n jọ ń sọ látọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra. Stroke kọlu bàbá, gbogbo Vietnam tí wọ́n gbọ́ bá pa rẹ́. Èdè Ṣáínà tí wọ́n fi ṣọmọdé nìkan ló kù. Màmá ò gbọ́ ìyẹn rárá.

Mo pe àwọn tó ń fún wa ní ògbufọ̀. "Ẹ wá ẹni tó gbọ́ méjèèjì fún mi."

"A ní Vietnam sí Gẹ̀ẹ́sì, a ní Ṣáínà sí Gẹ̀ẹ́sì. Èyí tẹ́ ẹ ń wá yẹn, kò sí."

Nínú gbogbo Houston yìí!

Mo bá gbé fóònù méjì kalẹ̀, ògbufọ̀ kan lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, èmi wà láàárín.

Bàbá sọ̀rọ̀. Ògbufọ̀ wọn ní, "Wọ́n ní kẹ́ ẹ bá àwọn pe ìyàwó àwọn."

Ìyàwó tó jókòó tì wọ́n, tó di ọwọ́ wọn mú! Mo sọ ọ́ sí fóònù kejì. Màmá dáhùn pé, "Èmi rèé." Mo sọ ìyẹn náà padà.

Bàbá wo màmá títí, wọ́n mirí. "Rárá. Ọ̀rọ̀ ìyàwó mi máa ń yé mi."

Kí ni kí n wá ṣe?

Mo délé, mo fi èdè wa ní kí ọmọ mi bá mi bu omi wá. "What, Mummy?"

Ẹ jọ̀ọ́, tí Gẹ̀ẹ́sì bá pa rẹ́ lórí yín lọ́la, ta ló máa gbọ́ yín nílé?