Àmì Ṣọ́ọ̀kì Lórí Ìdérí Radiétọ̀

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun Ọba tó jí mi láàárọ̀ yìí, tó dá ẹ̀mí ìyá mi sí, tó sì fà mí sẹ́yìn lọ́jọ́ tó kù díẹ̀ kí n ba orúkọ ẹni ẹlẹ́ni jẹ́. Bí mo bá ní kí n ka oore Rẹ̀, ilẹ̀ á ṣú. Èyí tí mo fẹ́ sọ yìí kéré nínú wọn, àmọ́ kì í kúrò lọ́kàn mi.

Mọ́tò tí mò ń wà ti dàgbà. Bàbá mi ló kọ́kọ́ ni ín, kí Ọlọ́hun kẹ́ wọn, ìgbà tí wọ́n kú ló di tèmi. Ohun tó ń ti bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ti bàjẹ́, okùn ni mo fi ń so ó. Tíṣà ni mí ní Ìkòròdú, ẹsẹ̀ ni mo sì fi ń rìn dé ibi iṣẹ́, nítorí náà kì í ṣe nítorí ara mi ni mo ṣe nílò mọ́tò. Nítorí ìyá mi ni. Ẹ̀gbọ́n wọn obìnrin, tó tọ́ wọn dàgbà, wà ní Ẹ̀pẹ́, àrùn rọpárọsẹ̀ sì ti dá a dùbúlẹ̀. Orúnkún ìyá mi kò jẹ́ kí wọ́n lè gun bọ́ọ̀sì. Sátidé Sátidé la máa ń lọ. Bí wọ́n bá ti jókòó sínú mọ́tò, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n máa ń sọ: “Ọlọ́hun, má jẹ́ kó lọ kí n tó dé.”

Ìgbà tó yá ni gáskẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ sí í jó.

Gáskẹ́ẹ̀tì yìí ni nǹkan pẹlẹbẹ tó wà láàárín orí ẹ́ńjìnnì àti ara rẹ̀, tí kì í jẹ́ kí omi àti ọ́ìlì pàdé. Ìgbà àkọ́kọ́, a ò tíì dé afárá Ìtọ́ìkín nígbà tí mo rí i pé abẹ́rẹ́ tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó ti ń gòkè. Mo ní kí n ṣáà wà á dé Ẹ̀pẹ́. Kò pẹ́, èéfín funfun bo ẹ̀yìn wa láti ẹnu sàlẹ́ńsà, ọ́ìlì sì dà bíi tíì tí wọ́n da mílíìkì sí. Mẹkáníìkì mi pààrọ̀ gáskẹ́ẹ̀tì náà. Oṣù kan lẹ́yìn náà, òmíràn jó. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀kẹta. Bí a bá gbéra ní Sátidé, ojú ọ̀nà ni ẹ́ńjìnnì ti máa ń gbóná dá wa padà, ìyá mi kò sì rí ẹ̀gbọ́n wọn fún oṣù mẹ́ta gbáko.

Mẹkáníìkì yìí jù mí lọ díẹ̀ lọ́jọ́ orí. Ìtòsí ibi tí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá wà ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ṣùgbọ́n òpópónà kejì sí tiwa ló ń gbé, sàfù kan náà, ìlà ìkírun kan náà, la sì jọ máa ń dúró sí ní mọ́ṣáláṣí.

“Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tó fi ń jó lemọ́lemọ́?” Mo bi í léèrè.

“Tíṣà, ó ti dàgbà ni. Ó yẹ kó ti fẹ̀yìn tì.”

“Èmi náà ti dàgbà, mi ò tíì jó.”

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín.

Látìgbà náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ ọ. Mo rí irin kékeré kan lórí tábìlì rẹ̀, ó ní inú ẹ́ńjìnnì mi lòun ti yọ ọ́, pé tẹmọsítáàtì tó ń ṣètò ìgbóná ẹ́ńjìnnì ni, pé ibi tí òtútù wà ni wọ́n ti ń lò ó. Mo ní lọ́kàn mi pé: kí ló tún ti yọ tí kò sọ? Bí ẹ́ńjìnnì bá sì ti gbóná, òórùn bíi ti ṣúgà tó jóná ló máa ń jáde níbẹ̀. Mo bi í pé kí ló dà sí radiétọ̀, ó ní omi lásán. Mi ò gbà á gbọ́. Lọ́jọ́ kan tí mo wọlé, òun àti oníbàárà kan ń sọ̀rọ̀, àwọn méjèèjì sì dákẹ́ lójijì. Nígbà tó di Jímọ̀, mo lọ dúró ní sàfù ẹ̀yìn.

Wọ́n kọ́ wa ní ilé-kéú pé àbá dídá lásán lórí ọmọnìkejì ẹni lè di ẹ̀ṣẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n. Mo máa ń fi kọ́ àwọn ọmọdé. Síbẹ̀, mo pinnu pé bí gáskẹ́ẹ̀tì bá tún jó, màá gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ síwájú Lèmọ́mù àti àwọn àgbà lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Oníṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n bá dárúkọ ní ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ládùúgbò wa, kò sẹ́ni tó máa gbé mọ́tò wá fún un mọ́.

Àmọ́ mo fẹ́ ní ẹ̀rí. Tíṣà kì í sì í ṣàìní ṣọ́ọ̀kì lápò. Mo fa ìlà kan láti orí ìdérí radiétọ̀ wá sí ara radiétọ̀ fúnra rẹ̀, kí n lè mọ̀ bí ẹnikẹ́ni bá ṣí i. Ní ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀, ìlà náà gún régé. Nígbà tí mo ti mọ́ṣáláṣí dé lẹ́yìn ìrun Àsùbáà ní Sátidé, ìlà ti pín sí méjì, èyí tó wà lórí ìdérí ti yí sápá kan.

Ilé wa kò ní géètì. Òpópónà kejì ni ọkùnrin yìí ń gbé. N kò rí i ní mọ́ṣáláṣí láàárọ̀ ọjọ́ náà. Kí ni mo tún ń wá?

A kò tíì kúrò ní Ìkòròdú lọ́jọ́ náà tí abẹ́rẹ́ fi gòkè. Mo yára darí padà. Ìyá mi kàn ń fi etí gèlè nu ojú.

Síbẹ̀, mo fẹ́ fi ojú ara mi rí i kí n tó dárúkọ rẹ̀, nítorí náà ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, n kò lọ sí mọ́ṣáláṣí. Mo kírun nínú yàrá, mo sì dúró sí ẹ̀yìn kọ́tìnì. Ilẹ̀ ń mọ́ bọ̀ nígbà tí ẹnì kan dé ìdí mọ́tò, tó sì ń tú okùn bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo sáré jáde.

Ìyá mi ni. Ìgò kan wà lọ́wọ́ wọn.

“Ìyá! Kí lẹ ń dà síbẹ̀?”

“Ṣé o fẹ́ dá mi níjì ni? Hàǹtú ni. Àlùfáà kọ ọ́ sórí pákó wàláà fún ìrìn àjò, mo sì fi omi fọ̀ ọ́.”

“Inú radiétọ̀, Ìyá?”

“Níbo ni kí n dà á sí? Ṣé kì í ṣe òun ló ń rìnrìn àjò?”

“Kí ló wà nínú rẹ̀?”

“Ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun ni, àti oyin. Ta ló ń mu hàǹtú láìsí oyin?”

Oyin. Òórùn ṣúgà tó jóná. Gbogbo Sátidé láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀ ìrìn àjò náà ni wọ́n ti ń ṣe é.

Mo mú ìgò náà lọ bá mẹkáníìkì, mo sọ ohun tí mo ti rò nípa rẹ̀ fún un, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí jì mí. Ó wọ inú ṣọ́ọ̀bù, ó gbé ìgò mìíràn jáde, nǹkan dúdú tó ń fà sì wà nínú rẹ̀.

“Inú radiétọ̀ yín ni mo ti ń yọ èyí. Mo rò pé ẹ̀yin lẹ ń rọ nǹkan sí i kí ẹ lè ba iṣẹ́ mi jẹ́. Mo ń tọ́jú rẹ̀ de ọjọ́ tí ẹ bá pè mí lẹ́jọ́ lọ́dọ̀ Lèmọ́mù.”

“Ẹ̀yin náà?”

“Ìdí tí mo fi ń lọ kírun ní mọ́ṣáláṣí kejì nìyẹn. N kò fẹ́ rí yín sójú.”

A wo ara wa. Òun ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín.

Ó tú ẹ́ńjìnnì náà palẹ̀. Ó fọ radiétọ̀ títí omi tó ń jáde níbẹ̀ fi mọ́ kedere. Ó fi irin gbọọrọ wọn orí ẹ́ńjìnnì lójú mi, ó ní ó ti wọ́, torí pé mo ń wà á lọ nígbà tó ti gbóná jù, àti pé gáskẹ́ẹ̀tì tuntun wo ni kò ní jó lórí ohun tí kò tẹ́jú? Ẹ̀bi tèmi nìyẹn. Ó ní ó yẹ kóun ti wọ̀n ọ́n látìgbà àkọ́kọ́. Ó gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ fá irin, wọ́n sì fá a kó tẹ́jú. Nígbà tó ń tò ó padà, mo rí i tó mú tẹmọsítáàtì tuntun, tó fi sí àyè rẹ̀ láìsọ ohunkóhun. Kúláǹtì, omi tó ń mú ẹ́ńjìnnì tutù, nìkan ni mò ń dà sí i báyìí, bí abẹ́rẹ́ bá sì mì lásán, mo ti dúró.

Ní Sátidé tí a tún lọ, orí itan ni ìyá mi gbé ìgò hàǹtú wọn sí. Nígbà tí a dé Ìtọ́ìkín, wọ́n ní, “Ṣé kò tíì gbóná?”

“Rárá, Ìyá.”

“Tún un wò. N kò fọkàn tán an.”

A dé Ẹ̀pẹ́. Ẹ̀gbọ́n wọn gbọ́ ohùn wọn láti ẹnu ọ̀nà, ẹnu rẹ̀ tó wọ́ sì ń gbìyànjú àtipe orúkọ wọn. Ìyá mi jókòó tì í, wọ́n fi ṣíbí bu hàǹtú sí i lẹ́nu. Ó tọ́ ọ wò pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

“Oyin rẹ̀ ti pọ̀ jù,” ló sọ.

Ìwọ tó ń ka èyí, kí Ọlọ́hun mú ọ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń retí rẹ kó tó pẹ́ jù. Kó fọ ọkàn rẹ mọ́ sí aládùúgbò rẹ, kó sì fọ tiwọn mọ́ sí ọ. Àmín.