Ìyá Tó Ń Bá Wa Bẹ̀bẹ̀

Ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà wa ní Ìjẹ̀gùn, ìyá àgbà kan ló máa ń ṣáájú àdúrà ẹ̀bẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi. Yóò dárúkọ àwọn aláìsàn àti opó wa lọ́kọ̀ọ̀kan, kó tó wá kan ìlú òkèèrè tí ogun ń jà. Bí orúkọ ìlú kan bá le jù fún un, á ní, "Olúwa, ibi tí ẹnu mi ò lè pè yẹn, Ìwọ ṣáà mọ̀ ọ́n."

Nígbà tí ọmọ tuntun mi kú, inú bí mi, n kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Lọ́dún kejì, mo ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi kan ni mo gbọ́ tí ìyá náà ń dárúkọ mi nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Mo lọ bá a nílé.

"Mà, ta ló ní kí ẹ máa dárúkọ mi?"

"Kò sẹ́ni tó ní kí n ṣe é, ọmọ mi. Ààyè rẹ tó ṣófo ni mò ń rí."

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo lọ jókòó sẹ́yìn. Nígbà tó kan orúkọ mi, ó gbójú sókè, ó rí mi. "A dúpẹ́, Bàbá," ló sọ, ó sì ń bá àdúrà lọ. Omi bọ́ lójú mi, èmi náà sì ṣe Àmín.