Ajá Mi Tó Ń Họra Bí Ẹ̀rọ Gàrí

Ní Òkà, ara yún ajá mi títí dé ibi pé àwọn obìnrin gbé ẹ̀gẹ́ wá sílé mi. Wọ́n gbọ́ ariwo ìhọra rẹ̀ láti títì, wọ́n ní mo ti ra ẹ̀rọ ìringàrí. Ẹni tí kò bá gbà á, kó lọ bi òkè Òkà, ojú rẹ̀ ló ṣe.

Nígbà tí mo wò ó dáadáa, etí rẹ̀ ti pá, irun ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ ti re, ikùn rẹ̀ pọ́n, ó sì ń rùn bí ẹja tó ti bàjẹ́.

Ìyàwó mi ní, "Bàbá wọn, ọmọbìnrin wa ń gbé ọmọ tuntun bọ̀ lópin oṣù. Bí ajá yìí bá ṣì rí báyìí, ẹlẹ́ran ajá ni yóò mú un lọ."

"Ẹlẹ́ran ajá wo ló máa ra èyí?"

"Ta ló ní n ó tà á? Ọ̀fẹ́ ni."

Ajá tó lé ọ̀yà láti Òkà dé Ògbàgì, tó gbé e padà láàyè kó lè bi mí bóyá ó tóbi tó! Mo bá ṣe bí gbogbo wa ti ń ṣe, mo fi ọ́ìlì dúdú tí mẹkáníìkì tú dànù pa á lára. Ó lá a, ó bì, awọ rẹ̀ sì bó.

Ni mo bá dì í sápò, mo gun ọ̀kadà lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran ní Ìkàrẹ́. Mo sọ fún ọlọ́kadà pé ewúrẹ́ ni. Ní Àkùngbá, ẹrù mi gbó.

"Bàbá, ewúrẹ́ yín ń gbó o!"

"Ṣé o ò rí yunifásítì ni? Kò sóhun tí wọn kì í kọ́ níbí."

Dókítà náà, ọmọbìnrin kan tí ojú rẹ̀ le, gbóòórùn ajá náà. "Kí lẹ fi pa á?"

"Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì."

"Ṣé gíà rẹ̀ ló ń dún ni?"

Ó fi abẹ họ awọ rẹ̀ díẹ̀, ó fi ẹ̀rọ wò ó. Ó ní kòkòrò tí ojú kò rí ló ń gbẹ́ ihò sábẹ́ awọ, ojú ibi tó ń họ ló wá kó ọyún. Ó gún un lábẹ́rẹ́, ó fún mi ní ọṣẹ àti oògùn.

"Ẹ jẹ́ kí ọṣẹ pẹ́ lára rẹ̀ kẹ́ ẹ tó ṣàn án. Bí irun bá tilẹ̀ hù, ẹ lo oògùn náà tán. Ẹ̀yin náà ẹ ṣọ́ra, ó máa ń ran èèyàn."

Ran èmi? Mo rẹ́rìn-ín.

Mo ń pìtàn fún ajá náà kó lè dúró jẹ́ẹ́, kí ọṣẹ lè pẹ́ lára rẹ̀. Òun nìkan ni kò pè mí ní òpùrọ́. Ọyún gbẹ, irun hù, mi ò sì dá oògùn dúró.

Ọjọ́ tí ọmọ tuntun dé, ìyàwó mi dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó ya irun ẹ̀yìn etí ajá, ó gbé apá rẹ̀ sókè, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó yàgò, ajá wọlé. Mo tẹ̀ lé e.

"Ẹ dúró ńbẹ̀. Kí lẹ ń họ láti àárọ̀? Ẹ na ọwọ́ yín."

Kókó pupa ti kún àárín ìka mi.

"Ajá lè wọlé," ló wí, ó sì pa ilẹ̀kùn dé.

Ojú fèrèsé ni mo ti kí ọmọ-ọmọ mi káàbọ̀. Ajá jókòó sídìí ibùsùn ọmọ, ó ń wò mí láti inú ilé bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí.