Ìwé Ọgọ́ta Ọjọ́ Lára Ògiri

Ọdún mọ́kànlá gbáko ni Ayẹ̀gòwò fi jókòó síwájú pátákó oníná funfun nílé iṣẹ́ ìgò. Bí ìgò bá ti ń tò kọjá lórí bẹ́líìtì, òun ló ń ṣa èyí tó sán àti èyí tẹ́nu rẹ̀ kán sọ́tọ̀. Iṣẹ́ ọ̀hún wọ̀ ọ́ lára débi pé nílé, kì í fún ọmọ lómi láìkọ́kọ́ gbé ife sókè wò. Ọkọ rẹ̀ a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́, á ní lọ́jọ́ kan, ìyàwó òun á gbé òun náà síwájú iná wò.

Nígbà tó lóyún ọmọ kẹta, ó fi ọ̀já di ikùn mọ́lẹ̀ fún oṣù márùn-ún kí wọ́n má baà mọ̀ níbi iṣẹ́. Ọjọ́ tó dákú sórí àga ni ọ̀gá mọ̀. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, wọ́n ti yọ ọ́ níṣẹ́, wọ́n ní aboyún ò lè ṣe iṣẹ́ ojú. Bẹ́ẹ̀, bàbá kan wà níbẹ̀ tó ń sùn níwájú ìgò lójoojúmọ́, ẹnikẹ́ni ò bá a wí.

Ó pè wọ́n lẹ́jọ́. Òfin ìpínlẹ̀ sọ ọ́ gbangba pé ẹni tó bá lé obìnrin níṣẹ́ nítorí oyún yóò jìyà rẹ̀. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n fi ń sún ẹjọ́ síwájú, títí ọmọ inú fi dẹni tó ń lọ sílé ìwé. Kò tọrọ nǹkan méjì lọ́wọ́ adájọ́, àga rẹ̀ ló fẹ́ gbà padà.

Ó jàre. Adájọ́ bu owó ìtanràn lé ilé iṣẹ́, àpò ìjọba lowó náà sì gbà lọ. Ó tún pàṣẹ pé kí wọ́n lẹ ìwé kan mọ́ ògiri ẹnu ọ̀nà fún ọgọ́ta ọjọ́, kí wọ́n fi jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ wọn. Àga ńkọ́? Wọ́n ní bí àyè bá ṣí, wọ́n á ránṣẹ́ pè é.

Wọn ò ránṣẹ́. Ó wáṣẹ́ lọ síbi mẹ́ta. Níbi tó kẹ́yìn, akọ̀wé wo orúkọ tó kọ sílẹ̀, ó ní, “Àbí ẹ̀yin ni wọ́n kọ sára ògiri ilé iṣẹ́ ìgò?” Ó fi ọwọ́ méjèèjì dá ìwé rẹ̀ padà fún un. Ọ̀wọ̀ yẹn ló dùn ún jù.

Ló bá lọ wò ó fúnra rẹ̀. Ìwé náà wà níbẹ̀ lóòótọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkìlọ̀ nípa sìgá. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni orúkọ ilé iṣẹ́ hàn, nísàlẹ̀ pátápátá. Orúkọ tirẹ̀ hàn lẹ́ẹ̀mẹrin, gàdàgbà gadagba. Ìrètí tó kù nínú rẹ̀ pin síbẹ̀.

Bí àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀sán ṣe ń jáde ló rí ọmọbìnrin tó gba àga rẹ̀. Ojú pípọ́n tí iná pátákó máa ń fún wọn ló fi dá a mọ̀. Ó fẹ́ bínú sí i. Àfi bó ṣe rí i tó ń rìn bí ẹni tí aṣọ fún, tó ń mí díẹ̀díẹ̀. Kò sí bí wọ́n ṣe lè di ọ̀já tí òun ò ní mọ̀. Ojoojúmọ́ sì lọmọ yìí ń gba iwájú ìwé náà wọlé.

Ó sún mọ́ ọn, ó ní kó má bẹ̀rù, òfin wà, òun fúnra òun jàre. Ọmọ náà wo ara ògiri, ó wo ojú rẹ̀, ó sì mọ ẹni tó jẹ́.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà,” ó ní, “ẹ má bá mi sọ̀rọ̀ níbí. Tí wọ́n bá rí èmi àtẹ̀yin pọ̀, wọ́n á mọ̀.”

Ó yára kọjá. Ayẹ̀gòwò dúró títí ọmọ náà fi jìnnà dáadáa, ó wá sọdá sí òdìkejì títì, kí wọ́n má baà rí àwọn méjèèjì lójú ọ̀nà kan náà.