Kẹ̀kẹ́ Tí Kò Ní Kí N Dọ̀bálẹ̀

Mo ra kẹ̀kẹ́ ológeere lónìí. Ẹni tó bá fẹ́ bínú kó bínú.

Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti kú, Bísí ọmọ wa ò fẹ́ kí n kúrò lójú kan. Ó ní tí ẹ̀yìn tó ti ń yọ mí lẹ́nu bá tún fi lè dùn mí, ibi tí mo gun kẹ̀kẹ́ mọ nìyẹn.

A jọ lọ sí Ìkòtún. Ẹni tó ń ta kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ gbé ọ̀kan tí ọwọ́ tí a fi ń darí rẹ̀ tẹ̀ wálẹ̀ fún mi.

"Bàbá, èyí máa ń sáré gan-an."

Mo gùn ún, àyà mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan orúnkún.

"Ṣé kí n máa dọ̀bálẹ̀ fún gbogbo ọmọdé ojú títì ni?"

Mo nawọ́ sí ọ̀kan tí ọwọ́ rẹ̀ ga, tó tẹ̀ wá sọ́dọ̀ ẹni tó gùn ún.

"Bàbá, ti obìnrin nìyẹn ṣá," ni ọlọ́jà wí.

"Ẹ̀yìn mi ò mọ ọkùnrin yàtọ̀ sí obìnrin."

Ẹ̀yìn mi nàró lórí rẹ̀ dé Ìgandò bí ẹni jókòó sórí àga. Ẹ̀yìn ò dùn mí rárá. Mo ti délé kí Bísí tó wọ mọ́tò tó dé.

Òun ló ń bá mi tẹ ọ̀rọ̀ yìí sórí fóònù. Mo ní kó má yọ ìkankan.

Ta ló jàre nínú àwa méjèèjì? Ẹ kọ ọ́ síbí, òun náà ló máa kà á sí mi létí.