Bàbá Mi Ló Sọ Ẹwìrì

Wọ́n tún ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní mi ò lẹ́kọ̀ọ́, pé níbo ni wọ́n ti ń la ẹnu bẹ́ẹ̀ yẹn níwájú òkú tí wọn ò tíì gbé lọ sin, tí èmi náà wá tún jẹ́ obìnrin. Ìyá kan ládùúgbò wa tiẹ̀ ní kí n lọ fi omi yọ ẹnu mi. Kí n yọ ẹnu kẹ̀? Ṣé ẹnu tó sọ òótọ́ ni wọ́n ń yọ? Ẹnu tó parọ́ fún gbogbo ìlú ńkọ́, ta ló bá wa yọ ìyẹn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n sọ ọ́ bó ṣe rí. Gbogbo àwọn tó ń gbé ọ̀rọ̀ yìí kiri Ṣakí, púpọ̀ nínú wọn ò sí níbẹ̀, àwọn tó sì wà níbẹ̀ ò mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀.

Mi ò tíì darúgbó o. Mi ò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Àmọ́ ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ń fi fóònù ka èyí, nígbà tí mo wà ní kékeré, odidi àdúgbò lè jókòó ti ojú ewé ìwé ìròyìn kan láti ọ̀sán títí oòrùn á fi wọ̀. Ó ti ṣojú mi.

Bàbá mi ń tún kẹ̀kẹ́ àti ọ̀kadà ṣe lábẹ́ igi emi kan, lójú ọ̀nà tó jáde lọ sí Ogbooro. Wọn ò kàwé. Wọn ò kà á rárá ni mo wí. Tí o bá kọ orúkọ wọn sílẹ̀ fún wọn, wọ́n á wò ó bí ẹni ń wo ipa ẹsẹ̀ adìyẹ. Ṣùgbọ́n tí ọ̀kadà bá ń bọ̀ lókèèrè, wọ́n á ti sọ ohun tó ń ṣe é kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Orí wọn pé. Ohun tí wọ́n bá ti gbọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ti wọlé nìyẹn, kò jáde mọ́.

Ọ̀rẹ́ wọn kan wà, ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mò ń lọ. Ọ̀gá Tísà ni gbogbo wa ń pè é. Gbogbo Sátidé, lẹ́yìn ìrun àìlà, tí mọ́tò Ìbàdàn bá ti dé, awakọ̀ á já ìwé ìròyìn Yorùbá kan sílẹ̀ fún un. Kò ní gbé e lọ ilé. Abẹ́ igi wa ló ń gbé e bọ̀ tààrà, á fi ẹsẹ̀ yí táyà mọ́tò àlòkù kan, á jókòó lé e, á ṣí i dé ẹ̀yìn pátápátá, níbi tí wọ́n ya àwọn àpótí kéékèèké sí, òmíràn dúdú, òmíràn funfun. Wọ́n á sọ àlàyé ọ̀rọ̀ kan fún ọ, ìwọ á wá ronú ọ̀rọ̀ tó bá a mu, wàá fi lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sínú àpótí kọ̀ọ̀kan, òmíràn á lọ ní ìbú, òmíràn á sọ̀ kalẹ̀. Pọ́súù là ń pè é.

“Ẹ̀ńjíníà, ẹ gbé sípánà sílẹ̀, iṣẹ́ dé.” Bó ṣe máa ń kí bàbá mi nìyẹn.

“Iṣẹ́ tí kì í fúnni lóúnjẹ. Ẹ kà á ká gbọ́, Ọ̀gá Tísà.”

Á wá kà á sókè. Bàbá mi ò ní gbójú sókè, wọ́n á máa já táyà lọ. Tí ìbéèrè bá jẹ mọ́ ìlú òyìnbó tàbí orúkọ ìjọba, Ọ̀gá Tísà á dá a kọ fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ẹyẹ, ewé, iṣẹ́ ọwọ́, ohun tí àwọn àgbà ń lò lóko, á kàn máa fi bírò gbá eyín. Bàbá mi á sọ ọ́. Ọ̀gá Tísà á ka lẹ́tà rẹ̀ lórí ìka, á ní, “Ó wọlé! Ẹ̀ńjíníà, èṣù ni yín!” Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Èmi máa ń jókòó sílẹ̀ láàárín wọn, mò ń wo bí ọ̀rọ̀ ṣe ń jáde lẹ́nu bàbá mi tó ń lọ di lẹ́tà nínú àpótí. Ẹ ò lè mọ bó ṣe dùn mọ́ mi tó. Mo rò pé bàbá mi ló ń ṣe ìwé ìròyìn.

Lọ́dún tí mo wà ní kíláàsì karùn-ún, wọ́n gbé òmíràn jáde tí Iléyá kù díẹ̀. Èyí tóbi, ó gba odidi ojú ewé. Wọ́n ní ẹni tó bá parí rẹ̀ láìṣì kankan, wọ́n á gbé fọ́tò rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn kí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá rí i. Sátidé ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ilẹ̀ ṣú, ó ku ẹyọ kan. Lọ́jọ́ kejì, kí oòrùn tó mú, Ọ̀gá Tísà ti tún dé, ojú ẹ̀ ti pọ́n.

“Mi ò sùn. Ẹ tún un gbọ́: ‘Ó ń mí, kò lẹ́mìí. Bí kò bá mí, ebi á pa olówó ẹ̀.’ Àpótí márùn-ún. Mo ti wá a títí.”

Àwọn tó wà níbẹ̀ ń ju ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ọlọ́kadà kan ní ẹ́ńjìnnì ni. Ẹnì kan ní ìyàwó òun ni, pé kì í jẹ́ kóun mí. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá Tísà ò rẹ́rìn-ín. Bàbá mi ń fi ẹnu fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ihò páìpù kan tí ìdọ̀tí dí. Wọ́n dá a dúró, wọ́n wo páìpù yẹn.

Wọ́n ní, “Ẹwìrì ni.”

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, ẹwìrì ni ohun tí àwọn alágbẹ̀dẹ fi ń fẹ́ iná. Awọ ni wọ́n fi ń ṣe é, tí o bá tẹ̀ ẹ́, á fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ẹ̀yinná. Bàbá tó bí bàbá mi, alágbẹ̀dẹ ni. Ìdí ẹwìrì yẹn ni bàbá mi ti lo ìgbà èwe wọn, ìdí ẹ̀ gan-an ni wọn ò ṣe rí ilé-ìwé lọ. Ohun tí kò jẹ́ kí wọ́n mọ̀wé ni wọ́n fi parí ìwé fún ọ̀mọ̀wé.

Ọ̀gá Tísà kà á lórí ìka. Ó pé márùn-ún. Ó dìde lórí táyà, ó di bàbá mi mú tọwọ́tẹsẹ̀ pẹ̀lú gbogbo gíríìsì ara wọn.

Ìwé ìròyìn jáde. Fọ́tò Ọ̀gá Tísà ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú fìlà. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun nìkan ló jókòó sínú yàrá ẹ̀ tó parí ẹ̀, pé kò sẹ́ni tó ràn án lọ́wọ́, pé ìwé kíkà ló fún un lọ́gbọ́n. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, tísà kan kà á sókè fún wa lórí ìlà kí a tó wọ kíláàsì. Gbogbo ilé-ìwé pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́ o, mò ń dúró kí wọ́n dé ibi orúkọ bàbá mi. Wọ́n kà á tán, wọ́n pa á dé.

Mo kígbe. “Bàbá mi ló sọ ẹwìrì!”

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá Tísà fúnra ẹ̀ ló sọ̀kalẹ̀ wá. Èmi rò pé ó ń bọ̀ wá sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, “Bàbá ta? Ẹni tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń di bírò mú?” Ó ní kí wọ́n na irọ́ kúrò lára mi. Wọ́n nà mí ní ẹgba mẹ́fà níwájú gbogbo wọn, ó sì kọjú sí ibi tí àsíá wà, kò wò mí.

Mo sunkún délé. Bàbá mi fi òrí ra ẹ̀yìn mi tán. Wọ́n wá ní, “Má sọ ọ́ mọ́. Ọ̀rẹ́ mi ni.” Ó tán. Lọ́jọ́ Sátidé, ọkùnrin yìí tún gbé ìwé ìròyìn ẹ̀ dé, ó jókòó lórí táyà, ó ní, “Ẹ̀ńjíníà, iṣẹ́ dé.” Bàbá mi sì ní, “Ẹ kà á ká gbọ́.”

Inú bí mi débi pé mo yarí. Mi ò padà sí ilé-ìwé yẹn mọ́. Wọ́n bẹ̀ mí, wọ́n nà mí, ìyá mi sunkún, mo kọ̀. Òmíràn ò sì sí nítòsí wa tí mo lè fi ẹsẹ̀ rìn lọ. Bí ìwé tèmi ṣe parí ní kíláàsì karùn-ún nìyẹn. Ìwé ìròyìn àlòkù tí wọ́n ń kó sábẹ́ àpótí irinṣẹ́ ni mo fi kọ́ ìwé kíkà tó kù, èmi nìkan, ọ̀rọ̀ kan lójúmọ́, títí mo fi lè ka gbogbo ẹ̀. Iṣẹ́ bàbá mi ni mo kọ́. Èmi ni mò ń já ẹ́ńjìnnì níbẹ̀ báyìí, torí ojú wọn ò ríran dáadáa mọ́.

Láti ìgbà yẹn, tí wọ́n bá ti ń ṣe ayẹyẹ ilé-ìwé kankan, Ọ̀gá Tísà ni alága. Wọ́n gbé ojú ewé yẹn sínú gíláàsì, wọ́n fi kọ́ sí pálọ̀ ẹ̀. Ó sì ń wá sọ́dọ̀ wa ní gbogbo Sátidé títí àìsàn fi dá a dúró. Kò fìgbà kankan dárúkọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Tí mo bá rí i, mo máa ń kí i, mo máa ń kúnlẹ̀. Ẹ má sọ pé mi ò lẹ́kọ̀ọ́.

Ó wá kú lóṣù tó kọjá. Wọ́n gbé e síwájú ilé, Ààfáà dúró tì í. Ẹ mọ̀ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ààfáà á bi àwọn èèyàn pé tí òkú yìí bá ti ṣẹ ẹnikẹ́ni, kí onítọ̀hún foríjì í. Gbogbo èèyàn á ní, “A ti foríjì í.” Kò sẹ́ni tó ń ronú sí i. Bí àmín ló rí lẹ́nu.

Ààfáà béèrè bẹ́ẹ̀. Ohùn bàbá mi ni mo kọ́kọ́ gbọ́, wọ́n pariwo ju gbogbo èèyàn lọ, “Mo ti foríjì í!”

Àárín àwọn obìnrin ni mo wà. Mi ò gbèrò ẹ̀, mo fi Ọlọ́run búra. Ẹnu mi kàn là ni. “Èmi ò tíì foríjì í o.”

Ààfáà ní, “Kí ló ṣe fún ọ, ìwọ ọmọ yìí?”

Mo sọ ọ́. Pọ́súù, fọ́tò, ẹgba mẹ́fà, ilé-ìwé tí mi ò lọ mọ́. Mo sọ gbogbo ẹ̀. Àgbà ọmọ òkú fò dìde. “Ẹ wo àwọn tí ò kàwé, àwọn ló fẹ́ bá bàbá mi du ìwé! Lórí òkú ẹ̀! Bàbá mi ni wọ́n ń pè lólè yẹn!” Wọ́n ti ń tì mí. Ibẹ̀ ni bàbá mi ti fi ọ̀pá dìde.

“Ẹ fi í sílẹ̀. Òótọ́ ló sọ. Èmi ni mo sọ ọ̀rọ̀ yẹn. Mo sì ti foríjì í, ó ti pẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká lọ sin ọ̀rẹ́ mi.”

Wọ́n gbé e. Ṣùgbọ́n bí bàbá mi ṣe fẹ́ tẹ̀ lé wọn, ọmọ òkú na ọwọ́, ó ní kí bàbá mi máa lọ sílé. Bàbá mi dúró sójú títì, pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́, wọ́n ń wo ẹ̀yìn àwọn tó lọ.

Ọjọ́ yẹn ni wọ́n bá mi sọ̀rọ̀ kẹ́yìn. Wọ́n ní, “O rò pé mi ò lẹ́nu ni? Ta ló ń wá bá mi lábẹ́ igi yẹn? Nínú gbogbo ọ̀mọ̀wé ìlú yìí, ta ló jókòó tì mí rí tó bi mí ní nǹkan? Ẹnì kan ṣoṣo ni. O ti lé e lọ.”

Mo ní ikú ló mú un, èmi kọ́ ló lé e lọ. Wọ́n yíjú sí ògiri.

Ayé ti yí padà, mo mọ̀. Lónìí, tí ọ̀rọ̀ bá rú ọ lójú, wàá bi fóònù, á dá ọ lóhùn, o ò ní mọ ẹni tó sọ ọ́, o ò sì ní wá a. Àwọn ọlọ́kadà tó ń dúró de iṣẹ́ lọ́dọ̀ mi, oníkálukú ló dorí kodò sí tiẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń kàwé sókè fún ẹlòmíì mọ́. Bóyá ìdí nìyẹn tí ó fi rọrùn fún àwọn èèyàn láti sọ pé ọ̀rọ̀ kékeré ni mò ń pariwo lé lórí.

Sátidé tó kọjá, mo ní kí awakọ̀ Ìbàdàn bá mi já ìwé ìròyìn kan. Mo yí táyà, mo jókòó sórí ẹ̀, bàbá mi wà lórí bẹ́ǹṣì. Mo ṣí i dé ẹ̀yìn, mo kà á sókè. Ìbéèrè àkọ́kọ́ jẹ mọ́ igi tí wọ́n fi ń ṣe ọwọ́ ọkọ́. Wọ́n mọ̀ ọ́n. Mo rí i ní ojú wọn pé wọ́n mọ̀ ọ́n, ètè wọn tiẹ̀ fẹ́ ṣí. Wọ́n pa á dé. Mo ka èkejì. Mo ka ẹ̀kẹta. Mo kà á títí dé ìsàlẹ̀, oòrùn wọ̀, kò sí lẹ́tà kan ṣoṣo nínú gbogbo àpótí yẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà mí yìí, ẹ má ṣe ojú ayé fún mi. Ká ní bàbá yín ni, ká ní ẹ̀yìn yín ni wọ́n nà, Ààfáà sì fẹnu ara ẹ̀ bi yín ní gbangba. Ṣé ẹ máa dákẹ́?